Agolo Abẹ́ Ìró Mi ní Ọgbà Orí Òkè

Orúkọ ènìyàn kì í sọnù lọ́dọ̀ mi. Ìwé tí mo kà kò ju kíláàsì mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó tì mí rí nínú takisí wôrô-wôrô ní Abidjan, láti Koumassi dé Treichville, tó bá ti lè sọ orúkọ rẹ̀ fún mi, ó tán. Bí mo bá rí i lẹ́yìn ogún ọdún, màá pè é. Mo mọ orúkọ gbogbo àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, mo sì mọ ti ìyá tó bí wọn. Síbẹ̀ mi ò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síbí. Ọ̀rọ̀ orúkọ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ, mi ò sì ní kọ òun náà. Bí mi ò bá wá kọ tirẹ̀, ti ta ni kí n kọ?

Àsìkò òjò ni ọkọ mi kú. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n ń tún ṣe nígbà ayé wọn, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Koumassi. Ọjọ́ tí wọ́n kú náà la sin wọ́n sí Abidjan, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Kí wọ́n tó dì wọ́n sínú aṣọ funfun, mo bẹ bàbá ará ilé wa tó wẹ̀ wọ́n pé kó gé irùngbọ̀n wọn díẹ̀ fún mi, àti èékánná ọwọ́ wọn. Kò bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Ará Èjìgbò, ìlú wa, lòun náà. Ní tiwa, ẹni tó bá kú sí ìdálẹ̀, tí ọ̀nà jìn jù láti gbé òkú rẹ̀, irun àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n ń gbé délé. Wọn a sin ín sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá rẹ̀, wọn a ní ó ti dé. Bí wọn ò bá gbé e lọ, ẹni tó rìnrìn àjò tí ò tíì délé ni, ibi yòówù kí sàréè rẹ̀ wà.

Inú agolo abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ni mo kó o sí. Agolo pẹlẹbẹ ni, kò tó àtẹ́lẹwọ́, ó sì pọ̀ nílé wa nítorí iṣẹ́ wọn. Irùngbọ̀n náà pupa, làálì ni wọ́n máa ń fi pa á láti ìgbà tí ewú ti dé. Èékánná wọn dúdú. Òróró ẹ̀rọ ti wọ abẹ́ rẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn, kò sí ọṣẹ tó bọ́ ọ. Ti àtàǹpàkò ọ̀tún ló yàtọ̀ jù. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ gún un nígbà kan, láti ìgbà náà ló ti ń hù nípọn, tó tẹ̀ kọ́rọ́ bí èékánná àwòdì. Bí mo bá ṣí agolo yẹn, ọkọ mi ni mo ń wò. Ẹlòmíràn tó bá wò ó, mi ò mọ ohun tó máa rí.

Mo ti ṣèlérí fún wọn lórí ibùsùn àìsàn pé bó bá ṣẹlẹ̀, màá gbé wọn délé. Ṣùgbọ́n orúnkún mi ò fẹ́ gbé mi dé Bingerville mọ́, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ bọ́dà Ghana, ti Tógò, ti Benin, kó tó kan ti Nàìjíríà. Ọmọ ló máa mú mi lọ. Méjì ni mo ní. Ọkùnrin ni àgbà, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù ọkọ̀ òfúrufú ní Port-Bouët. Obìnrin ni ìkejì, tíṣà ni ní Bingerville, Yorùbá tó ń gbọ́ sì pọ̀ ju èyí tó lè sọ lọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti dárúkọ Èjìgbò, àgbà á ní, “On va voir, Màmá.” A máa wò ó. Odindi ọdún kan la fi wò ó.

Àfi bó ṣe di ọjọ́ kan tí òun kan náà wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín.

“Màmá, ẹ ti jókòó sílé jù. A fẹ́ gbé yín jáde.”

“Lọ síbo?”

“Ọgbà ìjọba kan wà lórí òkè, lọ́nà ìlú Man. Omi ń já láti orí àpáta níbẹ̀, ọ̀bọ wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù. Papa máa ń sọ ọ́.”

“Ẹni tó ní Èjìgbò jìn jù fún orúnkún mi ló fẹ́ gbé mi gun òkè?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pẹ́ jù.

Lọ́jọ́ kejì, àbúrò rẹ̀ pè mí lórí fóònù. Ó kí mi, ó kí mi, mo ń dúró. Ó wá ní, “Màmá, agolo Papa, ibẹ̀ náà ló ṣì wà? Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì?” Ọmọ tí kò bi mí nípa agolo yẹn rí. Mo ní ibẹ̀ náà ló wà. Ó ní kò burú, ó wá ń bi mí nípa ẹ̀jẹ̀ ríru.

Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi, obìnrin ará Ìnìṣà kan tó ń ta ike níwájú ilé wa. Ó dàgbà jù mí lọ, òun náà sì bímọ síbí. Mo rò fún un.

“Wọ́n fẹ́ gbé ọ lọ wo omi,” ló wí. “Àwa tí omi ọ̀sà ń wá bá nínú yàrá lọ́dọọdún!” Ó pòṣé. “Àbúrò mi, ọmọ tó bá ní kóo wá wo omi, bi í léèrè ohun tó fẹ́ jù sómi.”

Mo wọlé, mo mú agolo míràn tó jọ ti àkọ́kọ́, mo kó èèpo ẹ̀gúsí sínú rẹ̀, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ti gidi, mo fi ọ̀já tí mo fi pọn àwọn méjèèjì so ó mọ́ ìbàdí, mo ró ìró lé e. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a máa lọ, ọmọbìnrin mi ní òun fẹ́ bá mi tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní kó tẹ́ ẹ. Mo lọ wẹ̀, mo sì pẹ́ níbẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo jáde, mi ò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí mo bá wò ó, màá ní láti sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ mo fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ń gbé e lọ.

Ọ̀nà yẹn jìn. A kọjá Yamoussoukro, a kọjá Daloa, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ìwúkàrà sí. Kòtò kọ̀ọ̀kan tí mọ́tò bá wọ̀, agolo náà a gún mi ní ìhà, mo sì ń sọ ọ́ nínú mi pé, “Mo gbọ́, mo gbọ́.” Àwọn ọmọ wà níwájú, wọ́n ń sọ Faransé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo gbọ́ “cascade” lẹ́ẹ̀mẹta. Omi tó ń já nìyẹn. Bí mo bá wúkọ́, wọ́n á dákẹ́. Ní ilé tí a sùn sí ní Man, ọmọbìnrin mi ní kí n jẹ́ kí òun bá mi tú ìró. Mo ní ṣé òun ló ń bá mi tú u láti ọjọ́ tó ti wà ní Bingerville ni?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì la dé ẹnu ọ̀nà ọgbà náà. Yàrá bíríkì kan ló wà níbẹ̀, àwòrán ẹranko kún ara ògiri, wáyà tí àwọn ọdẹ fi ń dẹkùn wà ní òkìtì nílẹ̀, agbárí ẹfọ̀n sì wà lórí tábìlì. Ọmọbìnrin kan tó wọ bàtà ológun ló gbà wá. Òun ni ẹ̀ṣọ́ ọgbà, òun náà ló ń mú àlejò rìn. Ó kọ orúkọ wa sínú ìwé, ó ní, “Mẹ́ta.” Mo mọ̀ pé mẹ́rin ni wá. Ó rí i pé Faransé mi ti ọjà ni, ó bá yí sí Jùlá, èdè ọjà wa, fún mi: ewé, ìyẹ́, irun, òkúta, ohunkóhun kò gbọdọ̀ bá wa jáde. Àwọn kan ń pa ẹran inú ọgbà, wọ́n ń ta irun àti èékánná rẹ̀ fún àwọn olóògùn. Bí a bá ń jáde, òun lè tú ẹrù wa.

Ibi yẹn dára, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló gba ẹ̀bá ọ̀gbun kan tí mi ò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, igi ló kún inú rẹ̀, kùrukùru ń ti inú igi gòkè bí èéfín ilé ìdáná. Ẹyẹ ńlá kan kọjá lókè wa, ariwo ìyẹ́ rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ń gbọn ẹní. Ọ̀bọ kan jókòó lórí ẹ̀ka, ó ń wò mí bí onílé ṣe ń wo ayálégbé tuntun. Ọmọkùnrin mi di ọwọ́ mi mú níbi tó bá ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mo ń wo ọwọ́ náà. Bàbá rẹ̀ ló fún un ní ọwọ́ yẹn, pẹ̀lú gbogbo egungun rẹ̀. Mo ní, ìwọ ọwọ́ yìí, kí lo fẹ́ fi ara rẹ ṣe lónìí?

A gbọ́ omi náà kí a tó rí i. Ó ń já láti òkè, ó funfun, ó ń fọ́n sí wa lójú. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọkọ mi ti dé ibẹ̀ rí, kí n tó fẹ́ wọn. Wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ gbé irin ẹ̀rọ kiri fún àwọn télọ̀ abúlé orí òkè. Ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa ibẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: “Omi rẹ̀ jọ ti ilé.”

Ẹ̀ṣọ́ náà dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó jẹ́ ká ráyè. Ìgbà yẹn ni ọmọbìnrin mi ki ọwọ́ bọ àpò rẹ̀. Agolo ló yọ.

“Màmá, ẹ má bínú.”

“Ta ló fún ọ?”

“Èmi ni mo ní kó gbé e,” lẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. “Màmá, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ibí yìí ni Papa fẹ́ràn. Alfa ní ilẹ̀ ló yẹ kí irun òkú wà, kì í ṣe abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ jẹ́ ká sin ín síbí. A lè máa wá wò ó.”

“Èjìgbò ńkọ́?”

“Ta la mọ̀ níbẹ̀ mọ́? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo débẹ̀. Bí mo bá ti la ẹnu, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pè mí ní Faransé. Níbí, Anango, ará Nàìjíríà, ni wọ́n ń pè mí. Màmá, kí n gbé bàbá mi lọ fún àwọn tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?”

Mo gbọ́ ọ. Ó dùn mí fún un. Ṣùgbọ́n mo ní, “Ṣí agolo yẹn.”

Àbúrò rẹ̀ ṣí i. Atẹ́gùn omi náà kó èèpo ẹ̀gúsí, ó dà á sí i lórí, sí i láyà, ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ètè rẹ̀. Ó kígbe.

“Màmá! Kí lèyí?”

“Èèpo ẹ̀gúsí. Ẹ sin ín.”

Ọmọkùnrin mi wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. “Níbo wá ni Papa wà?”

Ọwọ́ mi ti lọ sí ìbàdí kí n tó rántí dá a dúró. Àwọn méjèèjì rí i. Ẹ̀ṣọ́ náà rí i pẹ̀lú. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó rí agolo, ó gbọ́ ariwo, ó rí ìyá arúgbó tó di ìbàdí mú.

Mo sọ fún àwọn ọmọ mi pé, “Bàbá yín ò ní kí ẹ gbé òun wá síbí. Wọ́n ní omi rẹ̀ jọ ti ilé. Ẹni tó bá ń sọ pé nǹkan jọ ti ilé, ilé ló ń wí.”

A yí padà. Ọmọkùnrin mi kò di ọwọ́ mi mú mọ́, àbúrò rẹ̀ ló dì í mú.

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀ṣọ́ náà fi ọwọ́ dá wa dúró. “Musokoroba,” ló wí, ìyá àgbà nìyẹn ní Jùlá, “ẹ wọlé, èmi àti ẹ̀yin nìkan.” Ó kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ ní nǹkan lóde, ó kọ ọ́ sórí ìwé pélébé kan, ó wọlé, ó sì da ojú ìwé náà dé orí tábìlì. Ó tilẹ̀kùn. Ó ní kí n tú ọ̀já náà.

Ó tẹ́ ìwé ìròyìn, ó ṣí agolo. Ó fi ẹnu bíírò tú irun pupa náà. Ó mú èékánná àtàǹpàkò, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ó wo àwòrán ẹdun pupa kan lára ògiri, ó wo irun, ó wò mí.

“Ẹranko wo nìyí?”

“Ọkọ mi ni.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní gbogbo ẹni tí òun bá mú ló ń ní ìtàn. Mo ṣàlàyé: Èjìgbò, ọ̀dẹ̀dẹ̀, làálì, òróró ẹ̀rọ. Ó ń gbọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára èékánná yẹn. Ó ní òun máa gba agolo náà, òun máa fi ránṣẹ́ sí Abidjan kí àwọn tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo wo ìta láti ojú fèrèsé. Ọmọkùnrin mi dúró níbẹ̀, ó ń wolẹ̀. Ọkàn mi sọ fún mi pé ohun tó ń wá ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Kò ní láti sin ín sí ẹ̀bá omi mọ́, ìjọba máa bá a jù ú nù.

“Àwọn ọmọ yín ti sọ orúkọ òkú náà fún mi,” ni ẹ̀ṣọ́ wí. “Bí ọ̀rọ̀ yín bá bá tiwọn mu, màá rò ó wò. Kí lorúkọ ọkọ yín?”

“Bàbá àwọn ọmọ mi.”

“Ìyẹn kì í ṣe orúkọ.”

“Olówó orí mi.”

“Ìyá, mo ti rí orúkọ ìdílé lára káàdì àwọn ọmọ. Èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ni mo fẹ́.”

Ó ju àádọ́ta ọdún lọ tí mo wọlé wọn. Ìyàwó kì í fi orúkọ pe ọkọ. Mi ò fi pè wọ́n nígbà ìjà, mi ò fi pè wọ́n lọ́jọ́ tí mo bí ọmọ tí ara ń ro mí, àní nígbà tí wọ́n ń kú lọ tí mo ń pè wọ́n kí wọ́n má lọ, “Bàbá wọn” ni mo ń pè. Èmi tí mo mọ orúkọ gbogbo ayé. Orúkọ wọn wà lọ́fun mi bí egungun ẹja, n kò gbé e mì, n kò pọ̀ ọ́.

Mo sọ ọ́. Ó jáde wẹ́lẹ́.

“Ẹ sọ ọ́ sókè.”

Mo wá pè wọ́n. Mo pè wọ́n bí ẹni pé wọ́n wà ní òdìkejì ọ̀gbun yẹn tí wọn ò gbọ́. Lẹ́yìn náà mo jókòó sórí àga tí ẹnikẹ́ni ò fi lọ̀ mí.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọmọkùnrin mi ló wọlé láìgba àṣẹ, omi wà lójú rẹ̀. “C'est mon père,” ló ń sọ fún obìnrin náà. Bàbá mi ni. Ó ń nawọ́ sí èékánná àtàǹpàkò yẹn. “Ẹ̀rọ àwọn kan ní Koumassi ló gún un. Mo wà níbẹ̀. Ẹ dá a padà fún Màmá.”

Ẹ̀ṣọ́ ṣí ìwé pélébé rẹ̀, ó kà á, orúkọ kan náà ni, ó kó irun àti èékánná padà sínú agolo, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tó kéré jù. Ó wá fa ìwé mìíràn yọ, ó kọ ọ́ kún, ó lu òǹtẹ̀ lé e. Ó ní àwọn tó ń ṣọ́ igbó máa ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà, kí n fi èyí hàn wọ́n. Ọmọbìnrin mi kà á fún mi nínú mọ́tò: irun àti èékánná ènìyàn, ti olóògbé báyìí báyìí, ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ló wà.

A dé Daloa.

“Màmá,” lọmọkùnrin mi wí, “mi ò gbọ́ kí ẹ pe orúkọ yẹn rí.”

“Mi ò pè é rí.”

Ó wa mọ́tò lọ díẹ̀ sí i. “Mo ní ìsinmi lóṣù tó ń bọ̀. Màá gbé yín lọ. Èjìgbò.”

“On va voir,” ni mo wí.

Mi ò gbà á gbọ́. Gbogbo oṣù yẹn, agolo ò kúrò níbàdí mi. Lọ́jọ́ tí a gbéra, ọmọbìnrin mi sìn wá dé ibùdókọ̀, ó ní ṣé kí òun bá mi di àpò mú. Mo ní kó di tẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. Nínú ọkọ̀, mo ń wo ojú ọ̀nà, bóyá kò ní yà síbì kan tí omi ti ń já.

Ní Noé, ní bọ́dà Ghana, ọlọ́pàá kan kó ìwé gbogbo wa, ó ń pè é lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pe ọmọ mi. Ó pè mí. Ìwé olóǹtẹ̀ láti ọgbà orí òkè wà láàárín tiwa, kò wò ó dáadáa, ó kàn ka orúkọ tó rí níbẹ̀ sókè, láàárín èrò, láàárín ẹrù. Ó tún un pè.

Àgbà ní bí a bá pe òkú ní pópó, alààyè ní í dáhùn. Mo ń la ẹnu bọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọmọ mi. Yorùbá ló fi dá ọlọ́pàá tó ń sọ Faransé lóhùn, Yorùbá tí wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn gan-an.

“Bàbá wa nìyẹn,” ló wí. “Ilé là ń gbé wọn lọ.”

Ìgbà náà ni mo tú ọ̀já, mo sì gbé agolo náà lé e lọ́wọ́.